Ṣé Irin Wà Lára Yín?

Zobo ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Ìjù, ó sì máa ń gbé zobo bọ̀ nínú ìgò lọ́jọ́ Furaidé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo tọ̀, mo rí i pé ìtọ̀ mi pupa, mo ní zobo ni. Mo da omi sí i, mo lọ jẹun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún pupa, bẹ́ẹ̀ mi ò fi ẹnu kan zobo láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo ṣì ní zobo ni. Èmi náà mọ ara mi. Bí nǹkan bá ń bà mí lẹ́rù, inú máa ń bí mi sí i ni, màá sì kọ̀ láti wò ó.

Kò dùn mí rárá, ohun tó jẹ́ kí n lè máa tan ara mi jẹ nìyẹn. Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ti pariwo. Ó máa ń pupa lọ́jọ́ kan, á sì mọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá títí màá fi gbàgbé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí gáréèjì l'Ọ́tà, mo rọra sọ ọ́ sí i létí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní àtọ̀sí ni, ó sì ń wò mí bí ìgbà tó ká mi mọ́ ibi tí kò yẹ kí n wà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kó mi sí wàhálà. Bí wọ́n bá ti dárúkọ àtọ̀sí láàárín wa, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ tẹ̀ lé e ni pé níbo lo ti kó o. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi sì wà lára àwọn tó ń darí àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa gbà mí gbọ́ pé mi ò lọ síbì kankan? Mo kó oògùn náà pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo ń lò ó ní kọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa fúnra mi láràárọ̀. Ìyàwó mi wá ń fi mí yangàn lójú àlejò, ó ní ìfẹ̀yìntì ti sọ ọkọ òun di èèyàn gidi.

Àìsí omi ló tú àṣírí mi. Iná kò wá fún ọjọ́ méjì, a ò rí omi fà, omi inú táǹkì wa sì tán. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe táǹkì irin ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó, mo wá dúró sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò rí ẹ̀kán omi kan dà sórí ohun tí mo ń fi pamọ́. Mo ní kí n sáré lọ pọn omi lójúlé kejì. Kí n tó dé, ìyàwó mi ti wọbẹ̀.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ọkùnrin olóògùn àti orúkọ tó pe àìsàn náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ṣé torí kí n má baà rò pé ẹ lọ sọ́dọ̀ obìnrin lẹ ṣe fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí lọ ká ní ó bú mi.

Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ sílé ìwòsàn l'Ọ́tà. Wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n ní kì í ṣe àtọ̀sí. Wọ́n ṣe sikáànù fún mi, wọ́n rí kókó kan nínú àpò ìtọ̀ mi. Wọ́n wá júwe dókítà kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti kíndìnrín ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wo inú àpò náà. Mi ò ní sọ ibi tó gbé e gbà níbí, ẹni tó bá mọ̀ mọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ohun tóun rí jọ jẹjẹrẹ.

Jẹjẹrẹ. Títí di ọjọ́ náà, ara obìnrin lèmi rò pé ó máa ń wà, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè wọ àpò ìtọ̀. Dókítà ní ó ń ṣe àwọn tó bá mu sìgá, ó sì ń ṣe àwọn tó ti bá kẹ́míkà ṣiṣẹ́. Mo mu sìgá fún ogún ọdún kí ìyàwó mi tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Ó yí ìwé kan padà lórí tábìlì rẹ̀, ó ya àpò ìtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ògiri àpò náà ní awọ kan nínú, ó sì ní ẹran tó nípọn lẹ́yìn awọ náà, ẹran yẹn ló máa ń fún ìtọ̀ jáde. Bó bá jẹ́ orí awọ ni kókó yìí wà, òun á fi irinṣẹ́ gé e kúrò láti inú, òun á fi oògùn fọ ibẹ̀, àpò ìtọ̀ mi á sì wà níbi tó wà. Bó bá ti wọ inú ẹran náà, ó ṣeé ṣe kóun ní láti yọ gbogbo àpò náà, kí ìtọ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ ikùn mi jáde sínú ọ̀rá kan tí màá máa gbé kiri títí láé. Ó ní kámẹ́rà kò lè fi ìyẹn hàn, torí orí awọ nìkan ló ń rí. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní MRI ló máa fi bó ṣe wọlé tó hàn, ó sì dáa kí wọ́n yà á kóun tó fọwọ́ kàn án, torí pé bí òun bá ti gé e, ibẹ̀ á wú, àwòrán ò sì ní mọ́ dáadáa mọ́.

Látìgbà yẹn ni mi ò ti ní ọ̀rọ̀ méjì lọ́kàn. Ṣé ó ti wọlé, àbí kò tíì wọlé? Mo bá a jí, mo bá a jẹun. Mò ń rí ara mi níbi tí mo ti ń gbé ọ̀rá ìtọ̀ kiri àdúgbò, àwọn ọ̀rẹ́ mi ìgbà iṣẹ́ á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

Ọ̀nà Ìkẹjà ni ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti máa ya MRI náà wà. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n tọ̀ ní bíi wákàtí méjì ṣáájú, kí n wá mu omi díẹ̀, kí àpò ìtọ̀ mi má kún jù, kó má sì ṣófo. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Ẹ̀gbá ni ló gbà wá lálejò, òun ló ń lo ẹ̀rọ náà. Ó ní fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé dígí ìkàwé mi sílé, ó sì ní òun á máa kà á fún mi ní Yorùbá.

Ó bi mí bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi rí, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ kankan ń ran ọkàn mi lọ́wọ́, mo ní ọkàn mi ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì, òótọ́ sì ni.

Ó wá ní, "Daddy, ṣé irin kankan wà lára yín?"

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á gbọ́ ìbéèrè yẹn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìgbànú wà lára mi, aago wà lára mi, òrùka ìgbéyàwó wà lára mi. Mo bọ́ gbogbo wọn fún ìyàwó mi. Mo kó kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò, mo kó fóònù, mo tún yọ píìnì tí mo fi há ṣòkòtò mi torí pé mo ti rù. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè bí ẹni táwọn ọlọ́pàá dá dúró, mo ní kò sí irin kankan lára mi mọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó mi dá sí ọ̀rọ̀ náà, àwàdà ló sì fi ṣe. Ó di gbogbo ẹrù mi mú sórí itan, ó ní, "Ṣé ọkọ mi ni kò sí irin lára rẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń jó irin."

Ọmọ náà dá kálàmù rẹ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí àwọn ojú iná dúdúdúdú tó wà lápá mi láti ìka dé ìgúnpá. Ó bi mí bóyá irin ti fò wọ ojú mi rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó bi mí nípa ìgbà tí kò fò wọ̀ ọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbéraga sọ fún un bí a ṣe máa ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ wa. Ọ̀gá wa ní mágínẹ́ẹ̀tì kan tó yọ nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bí irin bá ta bá ọ lójú níbi tí o ti ń fi ẹ̀rọ lọ irin, á ní kí o la ojú, á gbé mágínẹ́ẹ̀tì náà sún mọ́ ọ, á máa rọra fi fa irin náà jáde. Bó bá jáde, o nu omijé, o padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá jáde, ojú rẹ á pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó parí nìyẹn. Kò sí alájórin kankan ní Sàngó tí kò mọ èyí.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó sí iwájú mi. "Daddy," ó ní, "ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ yìí, mágínẹ́ẹ̀tì ni. Èyí tí ọ̀gá yín ń lò, ọmọ ọwọ́ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí irin bíńtín bá ṣì kù nínú ojú yín, ẹ̀rọ yìí lè fà á, kó sì ya ojú yín."

Ìgbà yẹn lohun tó béèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohun tó wà lórí awọ wa àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aago wà lára mi, ibà náà sì lè wà lára mi. Òun ń bi mí ní ti inú, èmi ń dá a lóhùn ní ti ìta. Ọmọ náà gan-an di orí mú, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ka fọ́ọ̀mù yẹn fáwọn àgbà ní Yorùbá, òun ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí i tó kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè náà.

Wọn ò gbé mi wọnú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ́síréè wo ojú mi. Nínú fíìmù náà, a rí àmì funfun kan tí kò tó hóró iyọ̀ níbi ojú ọ̀tún mi. Mi ò mọ ọdún tó wọlé síbẹ̀. Ó ti bá mi lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ méjì, ó ti bá mi fẹ̀yìn tì, mi ò mọ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo ti múra gbogbo ọkàn mi sílẹ̀ pé lónìí ni màá mọ̀ bóyá ó ti wọlé, wọ́n wá ní kí n padà sílé lọ rí dókítà ojú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ojú kan ò lè pa èèyàn, kókó yẹn ló lè pa mí. Mo sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà bí mi ò ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó mi ló dì mí lápá mú. Ó ní àpò ìtọ̀ la wá gbà là, kò sẹ́ni tó ní ká fi ojú ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà kí n tó jáde. Ó ní kò sí wàhálà, òun á gba àyè sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Dókítà ojú kan oògùn sójú mi tí mi ò fi mọ nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, ó sì yọ irin náà kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́ ìpéǹpéjú ló wà, nínú awọ tó bo funfun ojú mi, kò wọ inú ẹyinjú. Ó fi hàn mí lórí òwú. Bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀ tó, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i láìsí dígí. Wọ́n tún ẹ́síréè ṣe, ojú mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa, wọ́n tẹ́ mi sórí ibùsùn tóóró, wọ́n fi nǹkan bo etí mi, wọ́n sì fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tí màá tẹ̀ bí mo bá fẹ́ kí wọ́n gbé mi jáde. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nípa ariwo. Wọ́n ní àwọn kan máa ń sunkún. Ariwo náà bẹ̀rẹ̀, gbà-gbà-gbà, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn mìíràn tó ń han. Èmi sì ni mo mọ ohùn yẹn. Bí ilé iṣẹ́ wa ṣe máa ń dún láago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn, tí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Látìgbà tí ìtọ̀ mi ti kọ́kọ́ pupa, ọkàn mi ò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sùn lọ.

Ohùn ọmọ Ẹ̀gbá náà ló jí mi, ó gba inú ohun tí wọ́n fi bo etí mi wọlé. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hanrun, ikùn yín ń mì, àwòrán ń bàjẹ́." Wọ́n ní láti tún apá kan yà.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí dókítà tó pè wá. Ìyàwó mi ti ń gbààwẹ̀ láìsọ fún mi, mo mọ̀ torí pé ó ń dá oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Dókítà gbé àwòrán náà sórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fi kálàmù tọ́ka sí ìlà dúdú kan tó yí àpò ìtọ̀ mi po, ó ní ẹran ògiri nìyẹn. Ó tọ́ka sí kókó náà tó dúró lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò náà. Ó wá fi kálàmù tẹ̀ lé ìlà dúdú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gba abẹ́ kókó náà kọjá, ìlà náà kò já níbì kankan.

Ó ní, "Orí ló jókòó sí. Kò wọlé."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí èébú. Bí o bá jó irin méjì pọ̀ tí iná rẹ kò wọ inú irin, ọ̀gá á fi òòlù kàn án, á já, á ní, "Orí ló jókòó sí, kò wọlé, lọ tún un jó." Mo ti sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Èmi náà ti fi bú àwọn tí mo kọ́. Mo wo àwòrán náà, mo rí i gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń rí iṣẹ́ tí kò dáa: ó wú lórí, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo sọ fún dókítà pé ẹni tó jó eléyìí kò mọ iṣẹ́ rárá. Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ìyàwó mi di orí mú, ó ń sunkún.

Dókítà kìlọ̀ fún wa pé àwòrán nìkan kò tó, pé òun á gbé ohun tóun bá gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n wò ó dáadáa. Ó gé e, ó gbé e lọ, èsì tó bọ̀ sì bá àwòrán mu. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ inú ẹran. Wọ́n fi oògùn fọ àpò náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì máa ń ta mí gidi gan-an. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni màá máa padà lọ fún kámẹ́rà, torí pé irú rẹ̀ máa ń fẹ́ padà wá. Mo ti gba ìyẹn. Mo tún ti lọ bá àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ní Sàngó, mo sọ ohun méjì fún wọn: kí wọ́n máa lo dígí iṣẹ́, kí wọ́n sì má pe ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ní àtọ̀sí láìṣe àyẹ̀wò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tẹ̀ lé mi jáde dé ẹnu géètì, ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn oògùn ìkẹfà. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, mo tọ̀, mo wò ó. Omi wà nínú táǹkì lọ́jọ́ náà, ó kún dé etí. Mo na ọwọ́ sí igbá omi bó ṣe ti mọ́ mi lára, mo wá fà á padà, mo pe ìyàwó mi. Ó sáré wá láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀.

Mo ní kó wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ìtọ̀ náà mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tijú, àgbàlagbà tó pe ìyàwó rẹ̀ wá wo ìtọ̀. Mo tún na ọwọ́ sí igbá náà.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Dádì," ó ní, "ẹ má tíì da omi sí i."